Bàbá Àṣírí àti Yunifásítì Òkè Òkun

Bí o bá bi ọkùnrin yìí pé aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Bí o bá kí i láàárọ̀, yóò dá ọ lóhùn o, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sán ni yóò máa rò ó pé kí ló dé tí o fi rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń kí òun. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Àṣírí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn kan ti gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Má ṣe rò pé ọ̀mùtí ni, tàbí olè, tàbí alágbèrè. Kò fẹnu kan ọtí rí. Kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Bí o bá wá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, tó fara ti ògiri, ni wàá ti bá a, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku ni, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwa ọmọ ènìyàn máa ń pè ní ọgbọ́n. Ìfura ni.

"Ìfura loògùn àgbà," òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ le koko, ṣé oògùn náà ni à ń pè é?

Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti tẹ ojú mọ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí yóò máa wá kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kì í ṣe àṣìṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, tó bo awò náà tán, ojú kan náà ni yóò máa fi wo àwọn tó ń bá pàdé lọ́nà.

Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé. Ó ń wá àyè ní yunifásítì kan lókè òkun, kí ó lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpele tí kò sí nítòsí rẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni, ìjọba ibẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ lè lọ síbẹ̀ láìta ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ti ilẹ̀ mìíràn bọ̀, àwọn tó sì ń lé e pọ̀ bí eṣú. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà ti ń sún mọ́ ibi tí wọn kì í ti í gba ènìyàn mọ́. Bí ilẹ̀kùn yìí bá tì mọ́ ọn lójú, ó ṣeé ṣe kí ó má rí òmíràn.

Ọdún tó ṣáájú, ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn nígbà náà, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Wọn ò gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé sí i pé máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò èdè kò tó. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀, ẹni tó bá kà á yóò ní, "Ó dáa, n ó lọ kàwé sí i." Bàbá Àṣírí ní rárá o, ẹ̀gbọ́n òun ló fi ẹnu kó bá òun. Láti ọjọ́ náà, kò dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà pè é títí, ó sú u.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́. "Ẹni tí a ó sun jẹ kì í fepo para," ló wí fún ara rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò èdè pé, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní eyín ń dun òun, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ ṣe é. Nígbà tó padà, ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n jọ ń jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà ti ra oògùn eyín sílẹ̀ dè é. Díákónì ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gbẹ́ni yìí, nítorí díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ó ju Bàbá Àṣírí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń bá aláìsàn gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni sí i. Bàbá Àṣírí dúpẹ́, ó gba oògùn náà, ó sì dà á sínú ihò omi ní kété tí Díákónì kẹ́yìn sí i. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní obìnrin ni, ó ní ọ̀rẹ́. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní abiyamọ ni, bí inú rẹ̀ bá dùn, ẹnu rẹ̀ yóò là. Ibi tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà láàárín ìgboro ló ti ń fi ìwé ráńṣẹ́ sí yunifásítì náà, kì í sì í lo ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà le ju òun lọ. Ó ní àfi kí ó kọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó jókòó, ó wòkè, ó wolẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n dáadáa tí kò ní í tà á? Nígbà tó rò ó tì, ó kọ nọ́ńbà Màmá síbẹ̀. Kò sọ fún Màmá pé òun kọ ọ́. Nígbà tó yá, òun pàápàá gbàgbé.

Ní ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, ó gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó ń bu oògùn sí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Fóònù náà dún. Díákónì gbé e.

"Àbúrò mi, gbà, fóònù rẹ fẹ́ kó sómi."

Bàbá Àṣírí já a gbà, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀. Kí ló kàn án pẹ̀lú fóònù mi? Báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kò ti rí nọ́ńbà tó ń pè? Nígbà tó délé, ó yọ síìmù rẹ̀, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó lọ ra òmíràn. Kò sọ fún yunifásítì náà pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ó ní ìwé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣáà máa ń kọ sí òun, kí ni wọ́n fẹ́ fi fóònù ṣe?

Kò pẹ́ sí i, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán wá kanlẹ̀kùn, ó sì dárúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni tó ń ka mítà omi ni. Ó kàn fẹ́ mọ onílé ni. Bàbá Àṣírí ò gbà. Ó pe ìyàwó àti ìyá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ó sì ti fèrèsé kó tó sọ̀rọ̀.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ mi ní kíkún, ì báà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ lórí fóònù, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá wojú rẹ̀. "Ọmọ mi, irọ́ mà nìyẹn."

"Màmá, kì í ṣe irọ́. Ọgbọ́n ni."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń wá yín?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ayé ló le."

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o ti rí i pé ìfura kì í dúró sójú kan? Ó bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n, ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́, ó wọlé, ó jókòó sáàárín ọkọ àti aya. Nígbà tó yá, ó sọ ìyá àgbàlagbà tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ di òpùrọ́ nínú ilé ọmọ rẹ̀.

Bàbá Àṣírí ń retí èsì. Ojoojúmọ́ ló ń yà sí ìdí kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ ò wọlé mọ́, oorun ò kún ojú. Ìyàwó rẹ̀ rò pé àìsàn ni. Nígbà tí èsì náà dé, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára, máàkì rẹ̀ tó, àwọn ì bá sì fún un láyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́ pé òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àwọn kò lè gbà pé òun gan-an ló ni ìwé ẹ̀rí tó ń gbé kiri.

Ó kà á, ó tún un kà. Nígbà tó dìde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lágbárí rẹ̀. Ẹnìkan sẹ́ mi. Ta ni wọ́n lè béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe ibi iṣẹ́? Ta ló ń jókòó ti fóònù yàrá wa? Ta ló gbé fóònù mi lọ́jọ́sí? "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀," ó wí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, "a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ní ilé ìwòsàn náà, wọ́n máa ń gbàdúrà ṣókí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá wù ú ló ń darí rẹ̀. Bàbá Àṣírí tí kì í la ẹnu níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde síwájú. Iṣan ọrùn rẹ̀ dúró gan-an.

"Olúwa, ẹni tó ní òun ò mọ̀ mí, kí òun náà má mọ àlàáfíà! Ahọ́n tó sẹ́ mi, kí ó yarọ! Kí oorun rẹ̀ di ìbẹ̀rù! Kí ó ṣubú lulẹ̀, Olúwa, kí ó má lè dìde mọ́!"

Gbogbo wọn ní àmín, torí ẹni tí kò bá ṣe àmín lè di ẹni à ń fura sí. Àmín ti Díákónì ló ròkè jù. Èyí sì tún bí Bàbá Àṣírí nínú. Ó ní ọ̀dájú ni, ọ̀daràn tó ń ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Díákónì sún mọ́ ọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àbúrò mi, kí ló ń dùn ọ́ tó báyìí?"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ́. Ẹni tó ti ń sọ "ẹ" fún àgbà láti ọjọ́ tó ti dé ilé ìwòsàn náà, ó bọ́ "ẹ" sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ.

"Ìwọ! Ìwọ lo ba ayé mi jẹ́! Yunifásítì òkè òkun pè ọ́, ìwọ sì ní o ò mọ̀ mí! Wọ́n fẹ́ gbà mí, ìwọ lo dí mi lọ́nà!"

Àwọn nọ́ọ̀sì dúró. Ẹni tó ń nulẹ̀ gbàgbé omi sórí ilẹ̀. Àwọn aláìsàn tó ń dúró de àyẹ̀wò na ọrùn. Àṣírí tó ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídì bò, òun fúnra rẹ̀ ló dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń pariwo rẹ̀.

Díákónì ò gbé ohùn sókè. "Kò sẹ́ni tó pè mí. Bí wọ́n bá pè mí, ǹ bá sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó ọ."

"Òpùrọ́!"

"Ó dáa. Bí o ò bá gbà mí gbọ́, ìyẹn ò pa mí lára. Ìwọ lò ń dùn mí. O mọ ṣọ́ọ̀ṣì, o mọ ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tó gba irú àdúrà tí o gbà láàárọ̀ yìí, mi ò rò pé ó ti pàdé Jésù."

Bàbá Àṣírí tutọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn dá a padà sílé kí ara rẹ̀ lè lọ rọlẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò kí i káàbọ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti ń ṣètò àtilọ sókè òkun?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń sọ ọ́. Èmi tí mo ń fọ aṣọ yín, tí mò ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń mú yín rù, èmi nìkan ni mi ò mọ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi náà wà lára àwọn ọ̀tá yín ni?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ pálọ̀, ó sì jókòó sórí àga bí àpò tí wọ́n jù sílẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ. Ó rí i pé inú ọmọ òun bàjẹ́, ó sì fẹ́ bu omi tútù sí i lọ́kàn.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Àwọn tó ń wá ẹ yẹn, mo ti bá ẹ lé wọn lọ."

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn ọ̀tá ni! Wọ́n pè mí lórí fóònù, kódà wọ́n tún pè padà. Obìnrin kan ni, ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ ẹ ní kíkún, ó ní láti yunifásítì kan lòun ti ń pè. Mo ní nínú ara mi pé, áà, àwọn èyí gbọ́n o, yunifásítì ni wọ́n wá fi ń tan ènìyàn báyìí. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Ṣé ó dá yín lójú, mà?' Mo ní ó dá mi lójú dáadáa. Mo sì sọ ọ́ ní gírámà tó jíire, kó má baà rò pé mi ò kàwé." Màmá rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Bàbá Àṣírí ni àyè rẹ̀ tó lọ. Wọ́n ti fẹ́ gbà á. Wọ́n ti pè é, wọ́n dárúkọ rẹ̀, ìdáhùn tó fi kọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fi dá wọn lóhùn. Èyí dùn ún wọ inú egungun. Ṣùgbọ́n ohun kejì tó tẹ̀ lé e burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì mú kí ó dìde dúró lójijì.

Ahọ́n tó sẹ́ mi, kí ó yarọ.

Màmá wúkọ́. Ekuru ara aṣọ lásán ni, ṣùgbọ́n Bàbá Àṣírí fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú lápá.

"Màmá, ṣé ara yín le? Ẹ yọ ahọ́n yín síta kí n wò ó."

"Kí n yọ kí ni? Ìwọ yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ yọ ọ́!"

Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí omi lójú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Bàbá Àṣírí ti ṣubú lórí eékún sáàárín àwọn aṣọ.

"Mo gbàdúrà pé kí ẹ kú," ó ní. "Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo ní kí ẹni tó sẹ́ mi ṣubú kó má dìde mọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Màmá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni, Màmá."

"Ta wá ni ọ̀tá?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọkùnrin tó ti ń wá kòkòrò lára gbogbo ènìyàn láti ìgbà pípẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wo inú ara rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ sì bà á lẹ́rù gidigidi. Kì í ṣe ìfura nìkan ló wà níbẹ̀. Ìpànìyàn wà níbẹ̀. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ tó ti mọ Ọlọ́run, ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ fún un. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un rí.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó wẹ̀, ó wọ bàtà. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kí àwọn jọ lọ. Ìyàwó ní níbo? Ó sì sọ fún un.

Díákónì wà lẹ́yìn ilé, ó ń kan ẹsẹ̀ àga tó yẹ̀. Bàbá Àṣírí wólẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku náà tòun ti aṣọ funfun lára. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan oògùn eyín tó dà nù. Díákónì gbé e dìde, ó lọ bu omi fún un. Bàbá Àṣírí di ife náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó wò ó, ó sì mu ún tán.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń gbàdúrà yẹn lé lórí," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ ṣe àmín?"

"Mo mọ̀, èmi ni ojú rẹ ń wò nígbà náà. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin àtijọ́ tó wà nínú rẹ ṣubú kó má dìde mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe àmín sí."

"Kí ni n ó ṣe sí èpè tí mo ṣẹ́? Ó ti jáde lẹ́nu mi."

Díákónì fi òòlù sílẹ̀, ó jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní ẹnìkan wà tí kò fura sí ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé ó mọ̀. Jésù mọ ẹni tí yóò tà á, síbẹ̀ ó bu omi, ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ sẹ́ ẹ ní gbangba, ó ní òun ò mọ ọkùnrin náà rí. Jésù kò ṣẹ́ èpè fún un. Nígbà tó jíǹde, ó tún wá a lọ.

"Ìwọ ò mọ̀ mí sí ẹni ibi, o kàn fura sí mi ni, o sì fẹ́ kí n kú," Díákónì ní. "Òun mọ gbogbo ibi tó wà nínú ìwọ àtèmi, ó sì kú fún wa. Èpè yẹn, orí igi àgbélébùú ló ti gbà á sórí ara rẹ̀. Àbúrò mi, kò sí àṣírí kankan tí o ní tí kò mọ̀. Kí lo wá ń sá pamọ́ fún?"

Bàbá Àṣírí sunkún bí ọmọdé. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣẹ́, ó gbàdúrà àkọ́kọ́ tó dárúkọ ara rẹ̀ nínú. "Jésù Olúwa, èmi ni ọ̀tá. Ṣàánú fún mi. Wẹ̀ mí mọ́. Gbà mí." Àrá ò sán. Kò rí ìran kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó dì mọ́ ọkùnrin tó ti ń fẹ́ kó kú láàárọ̀, ara sì tù ú lọ́nà tí kò tíì rí rí.

Ó kọ̀wé sí yunifásítì náà, ó sọ òtítọ́ bó ṣe rí, pé òun ló kọ́ ìyá òun láti sẹ́ òun. Wọ́n fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àyè ti kún, àwọn ti fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣì gbà á, kó tún gbìyànjú sí i. Ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Níbi àdúrà òwúrọ̀, ó jáde síwájú, ó sọ ohun tó ṣe, ó sì gba èpè rẹ̀ padà lójú gbogbo wọn.

O fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọlé. Ó ti tún fi ìwé rẹ̀ ráńṣẹ́, gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, èsì ò tíì jáde. Ó ń retí rẹ̀, ó sì ń sùn.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?

Bóyá nígbà tí wọ́n na ìwé pẹlẹbẹ yìí sí ọ, o ti wo ojú ẹni tó fún ọ, o ní, "Kí lèyí ń wá?" Bóyá o ṣì ń rò ó pé a fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. A ò bá ọ jà. Ayé le lóòótọ́, a ò sì sọ pé kí o lọ máa tú inú rẹ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ohun tí à ń bi ọ́ nípa rẹ̀ ni ọkàn rẹ. Ta ni o ti dá lẹ́bi nínú ọkàn náà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀? Ta ni o ti sin láàyè nínú àdúrà rẹ? Ẹni tó kórìíra arákùnrin rẹ̀ ti di apànìyàn lójú Ọlọ́run, ì báà jẹ́ ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Bàbá Àṣírí rí ìyá rẹ̀ bá láàyè kó lè tọrọ àforíjì. O ò mọ̀ bóyá ìwọ náà yóò rí ẹni tìrẹ bá. Jésù Kristi mọ̀ ọ́ tán, kò sì lé ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún un, gbà á gbọ́, yóò dárí jì ọ́ nísinsìnyí.

Orúkọ ẹnìkan ti wá sí ọ lọ́kàn bí o ṣe ń ka ìwé yìí. Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ àti Ọlọ́run lẹ mọ̀ ọ́n. Bí o bá ti gbàdúrà tán, dìde, lọ bá a lónìí.